Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà inú ìjọ, ṣé akọrin nìkan ló ń sin Ọlọ́run ni?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí látìgbà tí a ti ṣe ètò Kérésì wa tán, mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá síbí kó má di pé mo fi ìbínú sọ ọ́ nínú ìjọ.

Àwa kan la jọ ń pàdé níbí n'Íbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Kristẹni ni gbogbo wa, oníṣẹ́ ọnà sì ni gbogbo wa. Akọrin ló pọ̀ jù, eléré orí ìtàgé wà, onígángan kan wà, ọmọbìnrin kan tó ń kun àwòrán wà, ìyá kan tó ń rán aṣọ kwáyà tó tún ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí i lára wà, akéwì kan wà, èmi náà rèé, igi ni mò ń gbẹ́. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta.

Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní kí n gbẹ́ àga ìwàásù tuntun. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe é, igi apá ni mo lò, ẹni tó bá mọ apá á mọ̀ pé kìí ṣe igi tí wọ́n ń fi ọ̀lẹ gbẹ́. Mo fín ìyá kan sí iwájú ẹ̀, Màríà ni, ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá dání, mo dirun fún un ní ṣùkú, ìlà irun kọ̀ọ̀kan ni mo fi ẹnu ọ̀bẹ fà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn darandaran mẹ́ta, ọ̀kan ń fọn fèrè. Nígbà tí mo gbé e dé, bàbá kan nínú àwọn àgbà ìjọ dúró níwájú ẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n lọ mú aṣọ tábìlì funfun, wọ́n fi bò ó. Wọ́n ní kí n má bínú, pé ojú ère yẹn ń wo àwọn èèyàn. Abẹ́ aṣọ ló wà títí ètò fi parí.

Nígbà tí wọ́n wá ń dúpẹ́, wọ́n pe kwáyà jáde, wọ́n pe eléré, wọ́n pe ẹni tó tẹ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n fún wọn ní àpò ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọn ò pe ìyá aránṣọ. Wọn ò pe ọmọbìnrin tó kun aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn sínú gbọ̀ngàn torí iṣẹ́ yẹn. Mo wo ojú ìyá wa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó wọ aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán.

Ìbéèrè mi ni pé níbi tí ẹ̀yin wà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Àbí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa ò sí lára ìsìn ni?

Abẹ́rẹ́_àti_Òwú

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín ló ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni ìyá tí ẹ ń sọ.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń rán aṣọ fún kwáyà ìjọ wa. Wọ́n á gbé aṣọ wá ní ọjọ́ mẹ́rin sí ọjọ́ ìkórè, aṣọ ogójì èèyàn, wọ́n á ní "Mama, Ọlọ́run á san án fún yín." Àmín ni mo máa ń ṣe o, mi ò sì purọ́, Ọlọ́run ti ń san án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta òwú ò gba àmín lọ́wọ́ mi, àwọn NEPA náà ò gbà á.

Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù orí 31. Ẹni tí Bíbélì kọ́kọ́ sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí ara Rẹ̀ kún, kìí ṣe wòlíì, kìí ṣe akọrin, Besaleli ni, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta, igi, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọlọ́run tún fi Aholiabu tì í. Tí ẹ bá dé orí 35, ẹ̀ẹ́ rí àwọn obìnrin tó ń rànwú, Bíbélì ò fò wọ́n. Ọlọ́run tí ò fò wọ́n, ẹ̀yin ẹ wá fò wá?

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni aṣọ tábìlì yẹn. Kí èèyàn má rí iṣẹ́ yín yàtọ̀ sí kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀.

Dúró_Ṣinṣin

Ẹ̀gbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé mo wá bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá yẹn torí bàbá bàbá tèmi náà nìyẹn.

Wọ́n bí bàbá mi àgbà sílé tí ojúbọ wà. Nígbà tí wọ́n gba Jésù, wọ́n kó gbogbo ère jáde, wọ́n dáná sun ún lójú gbogbo àdúgbò, ẹbí sì kẹ̀yìn sí wọn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ti san irú owó yẹn, tó bá wá rí ìyá tó kúnlẹ̀ gbé igbá dání nínú ìjọ, kò lè rí Màríà, olúmẹ̀yẹ, ère ojúbọ tí wọ́n sun lọ́jọ́sí, ló máa rí. Kìí ṣe àìmọ̀wé o, ojú ọgbẹ́ ni.

Ẹ sì rántí ejò idẹ. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló ní kí Mósè ṣe é, ó wo àwọn èèyàn sàn. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i, Hẹsekáyà sì fọ́ ọ túútúú, ó wà nínú Àwọn Ọba Kejì orí 18. Ohun tó dáa lónìí lè di nǹkan míì lọ́la. Ìyẹn lẹ̀rù tó ń bà wá.

Ọmọ_Ọ̀yẹ́

Mo ti ń dúró kí ẹnìkan dárúkọ ìlú mi, ẹ ò dárúkọ ẹ̀, ẹ jẹ́ n dárúkọ ẹ̀ fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì níbí. Ní 1947, àwọn Fáda ìjọ Àgùdà méjì láti SMA, ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere kan nínú ìjọ Àgùdà, Fáda Kevin Carroll àti Fáda Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀. Kìí ṣe agbẹ́gi nìkan ni wọ́n kó jọ, ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti oníṣẹ́ awọ náà wà níbẹ̀. Aṣọ tí Fáda máa wọ̀ ṣe Máàsì, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ère ìbí Jésù, inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Ó wà títí di 1954.

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá àwọn agbẹ́gi. George Bándélé ni, ọmọ Aréògún ti Òsì Ìlọrin. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ igi ilẹ̀ Èkìtì mọ ẹni tí Aréògún ń jẹ́, òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin àti òpó ilé kiri agbègbè yẹn. Fáda ò ní kí Bándélé lọ máa wo ère alámọ̀ funfun tó ń ti Yúróòpù wá kó máa gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ bàbá ẹ̀ ló fi gbẹ́ Bíbélì. Tí ẹ bá rí àwọn ọba mẹ́ta tó mú ẹ̀bùn wá fún Jésù nínú iṣẹ́ Ọ̀yẹ́, aṣọ ọba Yorùbá ló wà lọ́rùn wọn, orí tóbi, ojú là rekete, bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ ẹ gan-an.

Lamidi Fákẹ́yẹ tó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà, tó tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, Ọ̀yẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Ọmọ agbẹ́gi ni tẹ́lẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, ṣùgbọ́n Bándélé tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń lé ọnà, bí wọ́n ṣe ń dán an, bí wọ́n ṣe ń fín in. Mùsùlùmí sì ni Lamidi, Mùsùlùmí ló kú. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n, ìlú yín náà nìyẹn. Ẹ bọ́ sí ọkọ̀, ẹ lọ fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá tún yà sí ilé ìsìn kejì, ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ère Jésù tó jíǹde tí Ben Enwonwu gbẹ́ wà níbẹ̀, láti 1954. Kò sẹ́ni tó fi aṣọ tábìlì bò ó.

Dúró_Ṣinṣin, mo gbọ́ yín o. Àwọn kan nínú ìjọ nígbà yẹn náà ò fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ ìjọ tiwa ló ń ní ère òyìnbó ló mọ́, ti Yorùbá ni ti ojúbọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí mi lórí nìyẹn, torí igi ni méjèèjì.

Dúró_Ṣinṣin

Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀. Àwòrán Jésù olójú búlúù wà ní pálọ̀ bàbá mi àgbà títí wọ́n fi kú, kò bà wọ́n lẹ́rù rárá. Mi ò tíì wò ó báyẹn rí.

Àyàn_tó_mọ_Jésù

Ẹ jẹ́ kí onílù náà sọ tiẹ̀.

Ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí. Orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, nígbà tí mo fẹ́ ṣèrìbọmi pásítọ̀ ní kí n yí i padà sí Olú. Mi ò yí i padà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ iṣẹ́ ìdílé mi ni, mi ò bọ nǹkan kan, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ohun tí mo ti rí nínú ìjọ ni pé wọ́n fẹ́ ìlù, wọn ò fẹ́ onílù. Tí ìyìn bá ń gbóná, wọ́n á máa ṣẹ́wọ́ sí mi kí n bọ́ síwájú. Tí ìsìn bá parí, tí wọ́n ń ṣe mítìn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, wọ́n á ní mítìn kwáyà ni, ti onílù ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ń ra awọ fúnra mi, èmi ni mò ń tún ọsán so tó bá já. Ọjọ́ kan òjò pa gángan mi nínú mọ́tò ìjọ, ìyáálé kan ní ṣebí kí n fi aṣọ nù ún. Awọ ewúrẹ́ tómi ti wọ̀, ẹ fi aṣọ nù ún! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi rí nǹkan lù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀ ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ọmọ katikíìsì Áńgílíkà ni òun fúnra ẹ̀ o, inú ìjọ ló dàgbà sí. Ó kó ìlù wa wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo ta, wọ́n ní ìlù kèfèrí. Ló bá gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde. Ọdún tó tẹ̀lé e, ní 1962, wọ́n ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo yẹn náà, ibẹ̀ ni onílù, eléré, ayàwòrán ti jọ ń jókòó pọ̀, tí gbogbo ayé wá ń wá wò wọ́n. Mo máa ń rò ó ní òru nígbà míì, pé ká ní ìjọ gbà á mọ́ra, inú ọgbà ìjọ ni gbogbo nǹkan yẹn ì bá ti ṣẹlẹ̀. Ìjọ ló lé e jáde.

Dúró_Ṣinṣin, àbúrò mi, mo ní nǹkan kan fún ẹ. Lọ ka Ẹ́kísódù 28, aṣọ Áárónì. Bíbélì Yorùbá ní wọ́n fi ṣaworo wúrà sí ìṣẹ́tí ẹ̀ yípo, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ tó bá ń wọ ibi mímọ́. Ṣaworo! Ohun tó wà létí ìyáàlù mi gan-an nìyẹn. Aránṣọ ló rán aṣọ, alágbẹ̀dẹ ló rọ ṣaworo, ìró ẹ̀ sì wọlé síwájú Ọlọ́run. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn mélòó ló wà lára aṣọ kan ṣoṣo?

Abẹ́rẹ́_àti_Òwú

Ha! Mo ti ka ibẹ̀ tó ìgbà mélòó, mi ò ro ti ṣaworo mọ́ ti ìlù rí. Ẹ ṣeun, ọmọ Àyàn. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yẹn má rọ.

Alto_Ẹ̀yìn

Ẹ jọ̀ọ́, kí akọrin náà fọhùn, torí ó ti ń dà bíi pé àwa la jẹ oúnjẹ gbogbo yín.

Lóòótọ́ wọ́n ń pè wá jáde. Ṣùgbọ́n àpò ìwé tí gbẹ́nàgbẹ́nà sọ yẹn, mo mọ ohun tó máa ń wà nínú ẹ̀, owó ọkọ̀ àlọ lásán ni. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ là ń ṣe rìhásà. Mo pàdánù iṣẹ́ kan torí ẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí nínú ti wa ni pé àwa fúnra wa ò gbọ́ ara wa. Ẹ gbọ́ orin ìwé tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó. Èèyàn fẹ́ bẹ Olúwa kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í, ohùn orin wá gòkè níbi tó yẹ kó wà nísàlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀ṣẹ́. A wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ìkúùkù jì wá! Ọ̀gbẹ́ni T.K.E. Phillips tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó rí i tipẹ́, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, pé kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú ẹ̀ ni Kánọ́ọ̀nù J.J. Ransome-Kuti ti ń fi orin ìlú kọ́ àwọn èèyàn ní ìhìnrere, tó fi dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, tí wọ́n gba ohùn ẹ̀ sínú àwo.

Ta ló mọ ohùn ọ̀rọ̀ ju onígángan lọ? Ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ. Ó yẹ kí onílù jókòó ti ẹni tó ń kọ orin látìbẹ̀rẹ̀, kó gbọ́ ọ, kó ní "ibí yìí ò sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń sọ." Dípò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ètò bá ku ọ̀la la máa ń pè é wá lu ìlù sí ohun tí a ti ṣe tán. Ẹ̀gbọ́n Àyàn, ẹ má bínú sí wa. Èmi náà ti ṣe é.

Àyàn_tó_mọ_Jésù

Ó ti tán nínú mi látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́. Ẹ ṣeun.

Aró_Dúdú

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un torí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ayàwòrán. Ní Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, ọmọ Urhobo kan tó ń jẹ́ Bruce Onobrakpeya kun ìrìn àjò Jésù lọ sí Kalfárì sí ara ògiri ní àwọn ọdún 1960, ibùdó mẹ́rìnlá. Èèyàn dúdú ló wà níbẹ̀, ọnà ara aṣọ wọn dà bí àdìrẹ. Èmi tí mò ń ṣe àdìrẹ, ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ẹ̀ ni mo mọ̀ pé aró mi lè wọ ilé Ọlọ́run, kìí ṣe lára ìró ìyá ìjọ nìkan.

Ìtàgé_Onígbàgbọ́

Àwa eléré náà jẹ̀bi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé tí ọmọbìnrin yẹn fi ọjọ́ mẹ́ta kùn, ó dá mi lójú pé lẹ́yìn ètò wọ́n ká a sí kọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, ẹ rántí pé ìjọ ló bí eré orí ìtàgé tiwa. Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá ni ní 1944 nígbà tó ṣe eré orin àkọ́kọ́ fún ìjọ Aláàdúrà kan ní Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta, ọgbà Édẹ́nì ni eré náà dá lé. Lẹ́yìn ẹ̀ ló fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Nígbà tí Mike Bamiloye bẹ̀rẹ̀ Mount Zion ní 1985, orí ìtàgé náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí fíìmù tó dé. Eré ò lè dá dúró láìsí aránṣọ, láìsí ẹni tó kan àga, láìsí onílù. A mọ̀ ọ́n, a kàn ń sọ pé a ò mọ̀ nígbà tó bá di ká pín owó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, àbá tèmi rèé. Ẹ má kó ara yín jọ kí olúkálùkù wá ṣe tiẹ̀. Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo kí gbogbo yín jọ ṣe é látìlẹ̀, kí wọ́n sì ka iye owó igi, òwú, aró àti awọ mọ́ owó ètò kí wọ́n tó ka ti rẹ́ǹtà máíkì.

Dúró_Ṣinṣin

Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Tí ẹ bá ṣe é, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà bíi bàbá yẹn wá sí ibi tí ẹ ti ń gbẹ́ ẹ. Kí wọ́n rí igi nígbà tó ṣì jẹ́ igi, kí wọ́n rí èérún ẹ̀ nílẹ̀. Bàbá mi àgbà ì bá ti jókòó tì yín, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi lálẹ́ àná, a jọ sunkún díẹ̀.

Mo lọ sí Yunifásítì láàárọ̀ yìí. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn. Mo rí ibi tí ọ̀bẹ ti yà díẹ̀ kúrò lójú ìlà, tó sì ti rọra dá a padà, bí ọwọ́ tèmi náà ṣe máa ń yà nígbà tó bá rẹ̀ mí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ fi bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù.

Látibẹ̀ mo lọ sílé bàbá tó fi aṣọ bo iṣẹ́ mi. Mi ò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi nípa ilé tí wọ́n bí wọn sí, wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí Dúró_Ṣinṣin sọ gẹ́lẹ́. Wọn ò ṣèlérí pé wọ́n á ká aṣọ yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n bi mí pé igi kí ni, mo ní apá ni, wọ́n ní àwọn mọ apá, bàbá àwọn máa ń fi gbẹ́ odó.

Ìyá aránṣọ, onígángan, ọmọbìnrin ayàwòrán àti alto méjì ń bọ̀ nílé mi ní Sátidé fún ètò Àjíǹde. Ilẹ̀kùn la fẹ́ ṣe, ilẹ̀kùn ibojì tó ṣí sílẹ̀, tí àwọn eléré á gbà jáde. Bàbá náà ní àwọn á yà wo igi yẹn. Ọmọ_Ọ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní fọ́tò iṣẹ́ Bándélé èyíkéyìí nílé, ẹ fi ránṣẹ́, pàápàá tó bá fi bí wọ́n ṣe so àwọn pákó pọ̀ lẹ́yìn hàn.

Ọmọ_Ọ̀yẹ́

Mo ní méjì. Wọ́n ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn hàn nínú ọ̀kan. Ẹ fún mi di alẹ́ kí iná dé.